Bí Sẹ́ẹ̀lì Ewéko Ṣe Ń Tún DNA Tó Bàjẹ́ Ṣe, àti Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Gbòǹgbò Kékeré Rí I Fúnra Yín

Ewéko kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá fún oòrùn. Ibi tó bá hù sí náà ni yóò dúró sí láti àárọ̀ di alẹ́, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló fi ń ṣe oúnjẹ rẹ̀. Inú ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ ọ yìí kan náà sì ni ìtànṣán UV tí ojú kò lè rí wà, èyí tó ń ba DNA inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwé tó sọ̀rọ̀ lórí àtúnṣe DNA kàn máa ń to orúkọ àwọn ọ̀nà àtúnṣe náà tẹ̀lé ara wọn ni, wọn kì í sọ bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ pé àtúnṣe ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀nà mìíràn ni mo fẹ́ gbà níbí. A ó ṣe àyẹ̀wò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó ba DNA ewéko kékeré jẹ́, a ó jẹ́ kó tún un ṣe, a ó sì fi rúlà wọn bó ṣe rí i ṣe tó. Bí a bá ti dé ibi kọ̀ọ̀kan ni màá ṣàlàyé ohun tó ń lọ nínú sẹ́ẹ̀lì. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé bí ẹ kò bá mọ irú ìmọ́lẹ̀ tí ewéko náà rí lẹ́yìn tí DNA rẹ̀ bàjẹ́, ẹ kò tíì wọn àtúnṣe kankan.

Ohun tó ń bàjẹ́ gan-an

DNA rí bí àkàbà tí wọ́n lọ́ pọ̀. Fọ́nrán méjì ni, lẹ́tà mẹ́rin ló sì wà lára wọn: A, T, G àti C. A máa ń dojú kọ T, G máa ń dojú kọ C, ìdojúkọ yìí ló sì so fọ́nrán méjèèjì mọ́ra. Bí ìtànṣán UV bá kọlu ibi tí T méjì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí fọ́nrán kan náà, tàbí T àti C, tàbí C méjì, àwọn méjèèjì lè so mọ́ ara wọn ní ẹ̀gbẹ́, dípò kí kálukú wọn máa bójú tó ẹnìkejì rẹ̀ tó wà ní òdìkejì. Irú ìsopọ̀ méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní CPD, níbi tí kábọ́ọ̀nù mẹ́rin ti di òrùka onígun mẹ́rin láàárín lẹ́tà méjèèjì. Èkejì, tí kò pọ̀ tó o ṣùgbọ́n tó ń lọ́ àkàbà náà jù ú lọ, ni wọ́n ń pè ní 6-4.

Ẹ lè rò pé kí ni ìsopọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Ẹ́ńsáìmù (prótéènì tó ń ṣe iṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì) tó ń ṣe ẹ̀dà DNA kì í lè kọjá ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Ó máa ń dúró sójú kan ni. Èyí tó ń ka DNA kí sẹ́ẹ̀lì lè ṣe prótéènì náà á dúró. Sẹ́ẹ̀lì tí kò bá sì rí ẹ̀dà DNA rẹ̀ ṣe kò lè pín sí méjì, gbòǹgbò tí sẹ́ẹ̀lì ṣóńṣó rẹ̀ kò bá pín kò sì lè gùn. Ìdí nìyí tí a fi lè fi gígùn gbòǹgbò wọn ohun tí ojú wa kò lè rí.

Nínú ìtànṣán UV tó ń ti ara oòrùn wá, UV-C kì í dé ilẹ̀, òfúrufú ti gbé e mì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. UV-B, tí ìgbì rẹ̀ wà láàárín nánómítà 280 sí 315, ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ń dé ara ewé. Síbẹ̀ iná UV-C onínánómítà 254 ni a ó lò, nítorí pé itòsí nánómítà 260 ni DNA ti ń gba ìtànṣán mọ́ra jù, nítorí náà àkókò kúkúrú ti tó láti ṣe ìbàjẹ́ tí a fẹ́. Irú ìbàjẹ́ kan náà, CPD àti 6-4, ni méjèèjì ń ṣe.

Ìpèsè

Ewéko tó dára jù fún iṣẹ́ yìí ni Arabidopsis thaliana, ìbátan músítádì tí àwọn onímọ̀ ewéko mọ̀ bí ẹni mowó. Ọdún 2000 ni wọ́n parí kíka DNA rẹ̀, òun sì ni ewéko àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Kì í ṣe nítorí òkìkí rẹ̀ ni mo ṣe yàn án. Gbòǹgbò rẹ̀ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí UV-C fi lè wọlé dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pín nínú ṣóńṣó rẹ̀. Bí ẹ bá lo gbòǹgbò tó nípọn, sẹ́ẹ̀lì òde ni yóò gba gbogbo ìyà náà, àwọn ti inú kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹ lo hóró tí a kórè lọ́jọ́ kan náà, tí a sì tọ́jú síbì kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àṣejù. Hóró tó ti pẹ́ nílẹ̀ ti ní ìbàjẹ́ DNA nínú, bó bá sì ti fa omi mu, àtúnṣe ló kọ́kọ́ ń ṣe kó tó jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kankan pín. Prótéènì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ATM ló ń dá a dúró títí iṣẹ́ náà yóò fi lọ jìnnà. Bí ẹ bá da hóró àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun, kì í ṣe ìbàjẹ́ tí ẹ̀yin ṣe nìkan ni ẹ óò máa wọ̀n.

Ẹ fi bílíìṣì tí a po mọ́ omi fọ ara hóró náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì fi omi tí a ti sè pa kòkòrò inú rẹ̀ ṣan wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ tò wọ́n sórí ágà, ohun tó dì bí ẹ̀kọ tí ewéko lè hù lórí rẹ̀, nínú àwo pẹ́ẹ̀tírì onígun mẹ́rin, ní ìlà kan, ó kéré tán hóró ogún lórí àwo kọ̀ọ̀kan. Ágà náà gbọ́dọ̀ ní oúnjẹ ewéko tí wọ́n ń pè ní MS ní ìdajì agbára rẹ̀ àti ṣúgà díẹ̀, nítorí pé àwọn kan nínú wọn máa wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ mélòó kan, ẹni tí kò sì rí ìmọ́lẹ̀ kò lè se oúnjẹ. Ẹ gbé àwo náà sínú fìríìjì fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí gbogbo wọn lè jọ hù, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé wọn nàró sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ funfun. Wọ́n gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán bí ìwé tí a tò sórí pẹpẹ, kí gbòǹgbò lè máa sọ̀kalẹ̀ tààrà lójú ágà dípò kó wọ inú rẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n bá rí ní ọjọ́ wọ̀nyí ṣe pàtàkì, nítorí òun ló ń mú kí wọ́n ṣe ẹ́ńsáìmù àtúnṣe tí a fẹ́ rí lẹ́nu iṣẹ́. Bí gbòǹgbò bá ti gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan, wọ́n ti tó o lò.

Iná UV-C kì í ṣe ohun ìṣeré o. Ó máa ń jó ojú àti awọ ara kí ènìyàn tó mọ̀, ìrora rẹ̀ kì í sì í dé lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ni. Ẹ wọ awò tó bo ojú pátápátá, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn, kí ẹ sì gbé iná náà sínú àpótí tó ní ìlẹ̀kùn.

Bíba DNA jẹ́, kí a sì yí àwo padà

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ pa iná funfun inú yàrá, kí ẹ sì máa fi iná pupa tàbí yẹ́lò tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ ríran. Àwọn àwọ̀ wọ̀nyí kò lè ta ẹ́ńsáìmù tí a ń sọ yìí jí. Ẹ fi bírò sàmì sí ẹ̀yìn àwo níbi tí ṣóńṣó gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan dé.

Ẹ jẹ́ kí iná UV gbóná fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí agbára rẹ̀ tó dúró sójú kan. Ẹ ṣí ìdérí àwo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbàgbé èyí, tí wọ́n á sì máa yà á lẹ́nu pé gbòǹgbò wọn lágbára bí irin, láìmọ̀ pé UV-C kì í gba inú ike tàbí gíláàsì lásán kọjá. Ẹ má ṣe yí bí àwo ṣe jìnnà sí iná padà, àkókò nìkan ni kí ẹ máa yí. Ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò kékeré kan, kí ẹ máa sọ àkókò di ìlọ́po méjì láti orí àwo kan dé òmíràn, kí ẹ lè mọ ìwọ̀n tó ń dín ìdàgbà gbòǹgbò inú òkùnkùn kù sí nǹkan bí ìdajì. Ìwọ̀n yẹn ni kí ẹ mú. Èyí tó bá kéré jù kò ní fi ìyàtọ̀ hàn, èyí tó bá pọ̀ jù á pa sẹ́ẹ̀lì ṣóńṣó, òkú sẹ́ẹ̀lì kì í sì í tún nǹkan ṣe.

Oríṣi àwo mẹ́rin ni ẹ nílò: èyí tó gba UV tó sì rí ìmọ́lẹ̀, èyí tó gba UV tó wà nínú òkùnkùn, àti àwọn méjì tí kò gba UV rárá, tí ọ̀kan rí ìmọ́lẹ̀ tí ìkejì wà nínú òkùnkùn. Ẹ ṣe méjìméjì oríṣi kọ̀ọ̀kan. Bí UV bá ti parí, ẹ dé àwo padà, ẹ fi fóìlì wé àwọn ti òkùnkùn ní ìpele méjì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé àwọn yòókù sábẹ́ iná funfun tàbí iná LED búlúù fún wákàtí mẹ́fà. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà náà, ẹ wé àwọn yẹn náà. Ìdí ni pé gbòǹgbò tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kì í gùn bákan náà pẹ̀lú èyí tó wà nínú òkùnkùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé UV kò kàn wọ́n. Bí gbogbo wọn bá jọ lo ọjọ́ mẹ́ta nínú òkùnkùn, wákàtí mẹ́fà yẹn nìkan ló kù tó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ yìí ló kàn báyìí. Kí ẹ tó gbé àwo kọ̀ọ̀kan nàró padà, ẹ yí i bí ọwọ́ aago, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di ìsàlẹ̀. Gbòǹgbò mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, yóò yí ṣóńṣó rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ tuntun náà, yóò sì ya igun bíi ti lẹ́tà L. Gbogbo ohun tó wà kí ó tó dé igun ti wà kí UV tó kàn án. Ohun tó wà lẹ́yìn igun ni ìdàgbà tó wáyé lẹ́yìn ìbàjẹ́. Gbòǹgbò tí kò bá ya igun rárá kò dìde mọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tú fóìlì, ẹ ya fọ́tò àwo pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì wọn ọ̀nà láti igun dé ṣóńṣó. Ẹ má ṣe fi àwo UV ti ìmọ́lẹ̀ wé ti òkùnkùn tààrà. Àwo tí kò gba UV tó jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ ni kí ẹ fi pín kọ̀ọ̀kan. Ká sọ pé gbòǹgbò inú òkùnkùn tí kò gba UV gùn ní mìlímítà 10, tí èyí tó gba UV sì gùn ní 5: ìdá 50 nínú 100 nìyẹn. Bí ti ìmọ́lẹ̀ bá jẹ́ 9 nínú 10, ìdá 90 nìyẹn. Ìyàtọ̀ láàárín 50 àti 90 ni iṣẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ṣe.

Ohun tí ìmọ́lẹ̀ ṣe

Ẹ́ńsáìmù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ photolyase ló ṣe é. Ó máa ń wá ibi tí lẹ́tà méjì ti so mọ́ra, yóò dì mọ́ ọn, yóò sì fa lẹ́tà méjèèjì jáde kúrò nínú àkàbà wá sínú ihò kan lára rẹ̀. Títí dé ibí yìí, kò nílò ìmọ́lẹ̀; ó lè dì mọ́ ọn nínú òkùnkùn biribiri, kó sì máa dúró. Nínú ihò náà ni FAD wà, ohun kan tí sẹ́ẹ̀lì ń fi fítámì B2 ṣe. Bí ìmọ́lẹ̀ búlúù tàbí UV-A, irú UV tí agbára rẹ̀ kéré jù, bá ti bà á, FAD á ju ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sí lẹ́tà méjèèjì, ìsopọ̀ wọn á já, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà á sì padà sílé. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. A kò gé nǹkan kan, a kò sì pààrọ̀ lẹ́tà kankan, nítorí náà kò sí ibi tí àṣìṣe ti lè wọlé. Nínú gbogbo ọ̀nà àtúnṣe tí mo mọ̀, kò sí èyí tó mọ́ tó o.

Arabidopsis ní méjì: UVR2 ń tú CPD, UVR3 ń tú 6-4. Àwa ènìyàn kò ní ọ̀kankan, àwọn ẹranko yòókù tí ọmọ wọn ń jẹun nípasẹ̀ ibi-ọmọ náà kò sì ní in. A ti pàdánù rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ọdún 1949 ni Albert Kelner kọ́kọ́ ṣàkíyèsí iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ yìí, nínú Streptomyces griseus, bakitéríà kan tó ń gbé inú ilẹ̀. Ohun mìíràn ló ń wá, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ ń yí lójoojúmọ́ láìsí ìdí, títí ó fi rí i pé ìmọ́lẹ̀ lásán tó ń kan àwọn kan nínú ìgò rẹ̀ ló ń jí wọn dìde. Mo lóye ohun tó kojú rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò yìí, èsì ìmọ́lẹ̀ àti ti òkùnkùn bára mu régí, mo sì fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko dá hóró lẹ́bi. Èmi ni mo jẹ̀bi: ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, mo ń tú fóìlì díẹ̀ láti yọjú wo bóyá gbòǹgbò ti yí, lábẹ́ iná funfun.

Ohun tó ń lọ nínú òkùnkùn

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé àwọn ti òkùnkùn kò kú. Ìdá 50 kì í ṣe òdo. Ọ̀nà kejì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí ó pẹ́ jù, tí ó sì ná sẹ́ẹ̀lì ní ohun púpọ̀. Àwọn prótéènì kan á mọ̀ pé àkàbà ti wọ́; àwọn mìíràn, XPB àti XPD, á tú fọ́nrán méjèèjì níbẹ̀; ẹ́ńsáìmù méjì tó ń gé nǹkan, XPG àti XPF, á gé fọ́nrán tó bàjẹ́ ní iwájú àti ẹ̀yìn, wọ́n á sì yọ ègé kan tó gùn tó bíi lẹ́tà 24 sí 32 dànù. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi fọ́nrán kejì ṣe àwòkọ, wọ́n á kún àlàfo náà, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́. Apá DNA tí sẹ́ẹ̀lì ń kà lọ́wọ́ ló máa ń kọ́kọ́ rí àtúnṣe yìí. Aziz Sancar, tó ṣàlàyé bí ọ̀nà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místrì ní ọdún 2015. Orí photolyase gan-an ló sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ yà ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀ kedere, ẹ béèrè hóró uvr2, tí kò ní photolyase ti CPD, àti uvh1, tí XPF rẹ̀ ti bàjẹ́, ní ilé ìkóhun-irúgbìn-sí bíi ABRC ní Amẹ́ríkà tàbí NASC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún uvr2, wákàtí mẹ́fà ìmọ́lẹ̀ kò ní ṣe é ní oore púpọ̀. Fún uvh1, inú òkùnkùn ni yóò ti dojú dé.

Ọ̀nà mìíràn tún wà fún lẹ́tà tí atẹ́gùn ọ́síjìn bà jẹ́, bíi G tó di 8-oxoG, èyí tó wọ́pọ̀ nínú ewéko nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ máa ń tú irú ọ́síjìn onijàgídíjàgan bẹ́ẹ̀ jáde. Lẹ́tà kan péré ni ẹ́ńsáìmù OGG1 máa ń yọ, tí wọ́n á fi òmíràn rọ́pò. Àyẹ̀wò tiwa kò lè fi èyí hàn, nítorí náà mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Bí àkàbà bá já sí méjì

Bí ìwọ̀n UV bá pọ̀ jù, tàbí tí ẹ bá lo ìtànṣán gámà, fọ́nrán méjèèjì lè já lẹ́ẹ̀kan náà. Ewéko ní ọ̀nà méjì fún èyí. Nínú ọ̀kan, prótéènì Ku70 àti Ku80 á di ìdí méjèèjì mú, ligase 4 á sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ bó ṣe bá wọn, kódà bí lẹ́tà díẹ̀ bá bọ́ nù. Lórí àìbìkítà yìí ni àwọn tó ń fi CRISPR, irinṣẹ́ tó ń gé DNA níbi tí a bá yàn, yí ewéko padà gbára lé: wọ́n kàn ń gé DNA ni, ewéko fúnra rẹ̀ ló ń ṣe àṣìṣe náà. Nínú èkejì, prótéènì RAD51 máa ń wá ẹ̀dà mìíràn tí kò bàjẹ́ láti fi ṣe àwòkọ. Èyí péye, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rí ẹ̀dà náà nítòsí.

Ẹni tó ń pàṣẹ ni prótéènì kan tó ń jẹ́ SOG1. Nínú ara wa, prótéènì p53 ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ewéko kò ní p53 rárá. Bí ATM bá ti fi ìròyìn jẹ́ SOG1, yóò dá pípín sẹ́ẹ̀lì dúró, yóò pe àwọn alátùn-únṣe, bí ọ̀rọ̀ bá sì ti kọjá àtúnṣe, àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ inú ṣóńṣó gbòǹgbò á kú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà láàárín wọn tí kì í sábà pín. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pín láti rọ́pò àwọn tó kú. Ẹ lè rí òkú sẹ́ẹ̀lì náà bí ẹ bá fi aró Evans blue kun gbòǹgbò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ẹ sì ṣàn án: sẹ́ẹ̀lì alààyè kì í gba aró náà wọlé, òkú á di búlúù lábẹ́ màíkírósíkóòpù, ní ìdìpọ̀ kékeré lókè ṣóńṣó gan-an.

Bí èsì kò bá bọ́ sí i

Bí gbòǹgbò gbogbo bá dàgbà dáadáa, ìdérí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà ọjọ́ orí gílóòbù UV, nítorí pé agbára rẹ̀ ń dín kù bó ṣe ń pẹ́ bó tilẹ̀ ń tàn. Bí gbogbo wọn bá dúró láìya igun, títí kan àwọn tí kò gba UV, ágà ti gbẹ tàbí ooru ti mú wọn lábẹ́ iná. Ẹ gbọ́wọ́ lé àwo náà kí ẹ mọ̀. Bí ti ìmọ́lẹ̀ àti ti òkùnkùn bá sì bára mu, ẹ wo fóìlì lójú iná bóyá ó ní ihò, ẹ bi gbogbo ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá bóyá wọ́n tan iná láàárín ìgbà tí UV parí sí ìgbà tí ẹ fi wé àwo, kí ẹ sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hóró tuntun. Àwo tí ìmọ́lẹ̀ funfun ti kàn, kódà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò ṣe é kà mọ́ òkùnkùn. Ẹ jù ú nù, ẹ má wọ̀n ọ́n.